Bí a ṣe ń yan power pack tó bá graphics card tuntun mu

Ní Àkúrẹ́ lónìí, àwọn tó ń wá graphics card, ìyẹn káàdì tó ń ṣe iṣẹ́ àwòrán nínú kọ̀ǹpútà, ti pọ̀ ju àwọn tó ń ṣeré lórí kọ̀ǹpútà lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ìmọ̀ yíyàwòrán ilé ní FUTA nílò rẹ̀ kí àwòrán ilé tí wọ́n yà lè jáde bí ìgbà tí ènìyàn fi ojú rí ilé náà, àwọn tó ń ya fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú nílò rẹ̀ kí iṣẹ́ wọn lè tètè parí, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo ń rí lemọ́lemọ́ ni pé owó káàdì ni ènìyàn kọ́kọ́ ń kó jọ, orúkọ káàdì ni ó ń béèrè káàkiri àwọn ṣọ́ọ̀bù òpópónà Ọba Adésidà, ìgbà tó bá sì gbé e délé tán ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ro ti power pack, ẹ̀rọ tí yóò máa fún káàdì náà àti gbogbo kọ̀ǹpútà ní iná. Mo fẹ́ kí ẹ yí ètò náà padà. Power pack ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹ tó yan káàdì rárá, nítorí pé power pack tí kò tó yóò sọ káàdì olówó gọbọi di ohun tí a kàn ń wò lásán, èyí tí kò sì dára lè ba káàdì, motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà so mọ́) àti gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ti tọ́jú sínú kọ̀ǹpútà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ ka bébà ara rẹ̀

Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ̀, kí ẹ sì wá bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara power pack. Àpótí kọ̀ǹpútà ni mo ní kí ẹ ṣí o, kì í ṣe power pack fúnra rẹ̀, torí pé àwọn kapásítọ̀ inú rẹ̀ lè di iná tó ju fóòtì 300 lọ mú fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ wáyà rẹ̀, iná bẹ́ẹ̀ sì lè pa ènìyàn.

Nọ́ńbà gàdàgbà tí wọ́n kọ sí i lára, bíi 500W tàbí 600W, kọ́ ni ẹ ó gbára lé. Ìlà tí wọ́n kọ +12V sí ni kí ẹ wá. CPU òde òní, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, àti graphics card, láti ara fóòtì 12 yìí ni àwọn méjèèjì ti ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú iná wọn, ìwọ̀nba díẹ̀ ni kọ̀ǹpútà sì ń lò nínú fóòtì 5 àti fóòtì 3.3. Ẹ wo iye áńpù tó wà lábẹ́ +12V, ẹ fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀, ohun tó bá jáde ni iye wáàtì tí CPU àti káàdì yóò jọ pín.

Ká ní ẹ gbé méjì sí orí tábìlì. Wọ́n kọ 500W sí ara àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ wo ìlà +12V rẹ̀, áńpù 20 ni ẹ rí. 20 lọ́nà 12 jẹ́ 240. Èyí túmọ̀ sí pé wáàtì 240 péré ló lè dé ọ̀dọ̀ CPU àti káàdì, bó ti wù kí nọ́ńbà ìta rẹ̀ tóbi tó. Wọ́n kọ 550W sí ara èkejì, áńpù 45 sì wà ní ìlà +12V rẹ̀, ìyẹn wáàtì 540. Lójú ẹni tó ń wo nọ́ńbà ìta nìkan, wáàtì 50 ló wà láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni èkejì ju àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po méjì dáadáa níbi tí iṣẹ́ wà. Ìyókù wáàtì tí àkọ́kọ́ ń yangàn rẹ̀ dà bí owó tó wà nínú àpò ẹlòmíràn: ẹ lè kà á, ṣùgbọ́n ẹ kò lè ná an. Bí ẹ bá rí +12V1 àti +12V2 ní ìlà méjì, ẹ má ṣe ro áńpù wọn pọ̀. Ẹ wá àròpọ̀ wáàtì tí wọ́n kọ sí abẹ́ àwọn méjèèjì, nítorí pé ó sábà máa ń kéré sí ohun tí ẹ óò rí bí ẹ bá rò wọ́n pọ̀ fúnra yín.

Lórí bébà kan náà, ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ INPUT sí. Èyí tí wọ́n kọ 100-240V sí ló yẹ wá jùlọ, nítorí pé yóò máa ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí iná bá rẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Èyí tí wọ́n kọ 200-240V sí lè pa kọ̀ǹpútà lójijì nígbà tí iná àdúgbò bá lọ sílẹ̀ sí 170, olówó rẹ̀ yóò sì máa rò pé káàdì tuntun ló ń ṣe é. Àwọn power pack àtijọ́ kan tún wà tí wọ́n ní bọ́tìnì pupa kékeré lẹ́yìn, tí wọ́n kọ 115 sí ẹ̀gbẹ́ kan tí wọ́n sì kọ 230 sí èkejì. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó bá ti Amẹ́ríkà wá lè ní bọ́tìnì yìí ní 115, bí ẹ bá sì kì í bọ iná wa bẹ́ẹ̀, yóò bú gbàù lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi ojú ara yín wò ó kí ẹ tó fi iná kàn án, kódà bí ẹni tó tà á bá ní òun ti tún un ṣe.

Ìṣirò rẹ̀

Gbogbo káàdì ni àwọn tó ṣe é kọ iye wáàtì tó ń gbà sílẹ̀. GTX 1650 ń gba 75, RTX 4060 ń gba 115, RX 6600 ń gba 132, RTX 3060 ń gba 170, RTX 4070 ń gba 200, RTX 3080 ń gba 320, RTX 4090 sì ń gba 450. Ẹ má ṣe rò pé káàdì tó bá ti jẹ́ tuntun ló ń jẹ iná jù. RTX 4060 tó jáde ní ọdún 2023 kò gba iná tó RX 580 tó jáde ní 2017, èyí tó ń gba wáàtì 185, bẹ́ẹ̀ ó fi iṣẹ́ jù ú lọ dáadáa. Fún ẹni tó ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, mo ka nọ́ńbà yìí sí pàtàkì bíi owó káàdì fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni CPU. Wáàtì tó wà lórí páálí CPU kì í ṣe òpin ohun tó lè gbà. Core i5-12400F, fún àpẹẹrẹ, ní wáàtì 65 lórí ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára, ó lè dé 117, 117 yìí ni ẹ ó sì fi ṣírò. Ẹ fi nǹkan bí 50 kún un fún motherboard, RAM, SSD àti àwọn fáànù. Bí káàdì bá jẹ́ RTX 3060, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 117, 170 àti 50, ìyẹn wáàtì 337.

Ẹnìkan lè wá bi mí léèrè pé kí ló dé tí power pack oní-400 kò fi tó. Ìdí kan ni pé iye wáàtì tí wọ́n kọ fún káàdì jẹ́ ìwọ̀n tó ń gbà bí iṣẹ́ bá ń lọ geerege, ṣùgbọ́n láàárín iṣẹ́ náà káàdì a máa fò sókè kọjá ìwọ̀n yìí fún ìgbà tó kúrú jọjọ, kì í sì í ṣe gbogbo power pack ló lè gba irú fífò bẹ́ẹ̀ mọ́ra. RTX 3080 àti RTX 3090 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ ìṣòro yìí, nítorí pé power pack tí nọ́ńbà rẹ̀ tó lórí ìwé a máa kú lójijì lábẹ́ wọn. Nígbà tí Intel gbé òfin ATX 3.0, ìlànà ṣíṣe power pack, jáde ní 2022, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé power pack ńlá tó ní ẹnu wáyà oníhò 16 gbọ́dọ̀ lè gba ìlọ́po méjì agbára rẹ̀ fún ìdá kan nínú 10,000 ìṣẹ́jú-àáyá láìkú. Ìdí kejì ni ooru. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù ní Àkúrẹ́ máa ń gbóná gan-an, inú àpótí kọ̀ǹpútà sì máa ń gbóná ju yàrá lọ. Power pack tí wọ́n díwọ̀n agbára rẹ̀ nínú ibi tútù kò ní lè gbé gbogbo ohun tó ṣèlérí nínú irú ooru bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ìlànà tí mo ń lò ni pé àròpọ̀ wáàtì kò gbọdọ̀ ju ìdá 65 nínú 100 agbára ìlà +12V lọ. Fún àpẹẹrẹ wa, 337 ń béèrè fún nǹkan bí 518, power pack oní-550 tó dára ni yóò sì ṣe é. 550 yìí kan náà ni NVIDIA dámọ̀ràn fún RTX 3060.

Àwọn ẹnu wáyà

Wáàtì tó tó kò níí ṣe iṣẹ́ kankan bí wáyà tí yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ káàdì kò bá sí. Ihò tí a ń ki káàdì bọ̀ lórí motherboard lè fún un ní wáàtì 75. Ẹnu wáyà oníhò mẹ́fà ń gbé 75 mìíràn wá, oníhò mẹ́jọ sì ń gbé 150. Káàdì tó ń gba ẹnu wáyà oníhò mẹ́jọ kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ gbà ju 225 lọ lápapọ̀, èyí tó ní méjì lè dé 375. Ẹ wo àwòrán ẹ̀yìn káàdì tí ẹ fẹ́ rà, ẹ ka àwọn ihò rẹ̀, kí ẹ sì ka àwọn ẹnu wáyà tó wà lára power pack yín. Kódà GTX 1650 tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò nílò wáyà kankan ní àwọn kan láàárín wọn tó ní ihò mẹ́fà.

Wáyà CPU náà ní ihò mẹ́jọ, ó sì jọ ti káàdì, ṣùgbọ́n ibi tí iná wà nínú ọ̀kan ni ilẹ̀ (ground) wà nínú èkejì. Ti CPU sábà máa ń pín sí mẹ́rin àti mẹ́rin, ti káàdì sì máa ń pín sí mẹ́fà àti méjì. Bí ẹnu wáyà kan kò bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má ṣe fi agbára tì í.

Mo bẹ yín, ẹ sá fún wáyà àsopọ̀ olówó pọ́ọ́kú tó ń sọ ẹnu wáyà SATA ti hard disk di ihò mẹ́fà fún káàdì. Ẹnu wáyà SATA kan kò lè gbé ju áńpù 4.5 lọ ní fóòtì 12, ìyẹn wáàtì 54, káàdì sì lè béèrè 75 lọ́wọ́ rẹ̀. Ràbà rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ láìjẹ́ pé kọ̀ǹpútà kú, ibẹ̀ ni iná ti lè ràn. Bákan náà, bí power pack yín bá jẹ́ irú èyí tí wáyà rẹ̀ ń yọ kúrò, wáyà tó bá a wá nìkan ni kí ẹ lò. Orí wáyà tó ń wọ ara káàdì bára mu káàkiri ayé, ṣùgbọ́n orí tó ń wọ ara power pack kò bára mu láàárín ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ bára mu láàárín oríṣi méjì láti ilé iṣẹ́ kan náà. Yíyá wáyà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ nínú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè jó gbogbo ohun tó wà nínú àpótí.

Àwọn káàdì ńlá tuntun ń lo ẹnu wáyà oníhò 16, èyí tó lè gbé tó wáàtì 600. Nígbà tí RTX 4090 jáde ní 2022, àwọn kan rí i pé ẹnu wáyà yìí yọ́ mọ́ káàdì wọn lára, pàápàá jùlọ níbi tí kò bá ti wọlé tán. Ní 2023, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì pè é ní 12V-2x6. Bó ti wù kó jẹ́, ẹ tì í títí tí àlàfo kankan kò fi ní hàn, kí ẹ má sì ṣe ká wáyà náà kò ní ibi tó sún mọ́ ẹnu rẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ntímítà mẹ́ta àbọ̀ lọ.

Bí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ tòkunbọ̀

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó wà ní ìlú yìí jẹ́ Dell OptiPlex tàbí HP tí ọ́fíìsì òkè òkun kan ti lò rí. Wọ́n lágbára, wọ́n sì ń pẹ́, ṣùgbọ́n power pack inú wọn kéré, kì í sì í sábà ní wáyà káàdì. OptiPlex 7010 tó ga ní power pack oní-275, èyí tó kúrú nínú wọn sì ní oní-240. Fún èyí tó ga, pẹ̀lú i5-3470 tó ń gba 77, GTX 1650 tí kò nílò wáyà yóò gbé àròpọ̀ dé nǹkan bí 202. Ó kọjá ìlànà tí mo sọ lókè díẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé káàdì náà kò lè fà ju ohun tí motherboard fún un lọ, mo gbà pé kí ẹ ṣe é. N kò gbà pé kí ẹ fi káàdì tó jù ú lọ sínú rẹ̀.

Ẹni tó bá ń rò ó pé òun yóò kàn pààrọ̀ power pack náà, kí ó kọ́kọ́ wo ẹnu wáyà ńlá tó wọ motherboard. OptiPlex 7010 ṣì ń lo ihò 24 tí gbogbo ayé ń lò, ṣùgbọ́n 3020, 7020 àti 9020 tó tẹ̀ lé e ń lo ihò mẹ́jọ tí Dell nìkan ń lò, HP EliteDesk 800 G1 sì ń lo ihò mẹ́fà tirẹ̀. Wáyà àsopọ̀ wà fún wọn. Èyí tó kúrú kò tiẹ̀ ní àyè fún power pack gidi, kò sì ní àyè fún káàdì tó ga. Fún irú rẹ̀, owó tí ẹ fẹ́ fi dá a lárà yóò wúlò jù bí ẹ bá fi ra àpótí àti motherboard mìíràn.

Iná tó ń ti ara ògiri wá

Wáàtì 337 tí kọ̀ǹpútà ń lò nínú kọ́ ni yóò gbà lára ògiri. Power pack tó ní àmì 80 PLUS Bronze gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán ìdá 85 nínú 100 iná tó gbà wọlé dé inú kọ̀ǹpútà nígbà tó bá ń ṣe ìdajì agbára rẹ̀. Ti Gold gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán ìdá 90 débẹ̀. Ìyókù ń di ooru. Pẹ̀lú Bronze, 337 yóò di nǹkan bí wáàtì 396 lára ògiri, iye yìí ni ẹ ó fi wọn inverter, UPS àti jẹnẹrétọ̀.

UPS tí wọ́n kọ 650VA sí kì í sábà gbé ju nǹkan bí wáàtì 360 sí 390 lọ, nítorí náà iná bá lọ lẹ́nu iṣẹ́, òun náà yóò bá a lọ. Inverter oní-1.5kVA lè gbé e, ṣùgbọ́n bátìrì 12V oní-200Ah kan ṣoṣo, tó bá jẹ́ irú tí a kò gbọdọ̀ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ, kò ní fún yín ju nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀ lọ lórí iṣẹ́ kíkún. Ẹ béèrè inverter tí wọ́n kọ pure sine wave sí. Àwọn power pack tó dára kò fẹ́ràn iná ayédèrú tí àwọn inverter àti UPS olówó kékeré kan ń mú jáde, wọ́n sì lè kú ní àkókò gan-an tí iná bá ń yí padà sí bátìrì. Ní ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I-better-pass-my-neighbour, agbára rẹ̀ kò tó wáàtì 1000, iná rẹ̀ sì ń lọ sókè lọ sílẹ̀ nígbà tí fíríìjì aládùúgbò bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi káàdì tó lé ní wáàtì 150 ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láìsí sítábíláísà. Nígbà tí iná àdúgbò bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú bíi márùn-ún kó fara balẹ̀ kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà.

Ní ṣọ́ọ̀bù, àti lẹ́yìn tí ẹ bá délé

Bí ọlọ́jà bá sọ pé, "Àbúrò, 600 wáàtì ni o, kò sí káàdì tí kò lè gbé," ẹ fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ka ìlà fóòtì 12 rẹ̀." Ọlọ́jà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣí páálí fún yín. Ẹ gbé e wò lọ́wọ́: èyí tó fúyẹ́ bíi páálí òfìfo kò ní irin àti kọ́pà tó yẹ kó wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwúwo nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹ wá OCP, OVP, OPP àti SCP lára páálí, àwọn ni ààbò tí yóò jẹ́ kí power pack pa ara rẹ̀ kí ó tó pa kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ àlòkù, ẹ gbóòórùn ẹnu fáànù rẹ̀, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì wo inú láti ìta bóyá orí àwọn kapásítọ̀ ti wú. Ní tèmi, fún ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà wá oúnjẹ òòjọ́ ní ìlú yìí, oní-650 tó ní àmì Gold ni kó rà lẹ́ẹ̀kan, kódà bí káàdì rẹ̀ lónìí kò bá tíì béèrè tó bẹ́ẹ̀. Bí owó kò bá tó méjèèjì, kí ó ra káàdì tó kéré sí i.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tò ó, ẹ yọ wáyà ògiri, ẹ tẹ bọ́tìnì ìtànná kọ̀ǹpútà kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán, ẹ sì fọwọ́ kan irin àpótí kí ẹ tó mú káàdì. Bí káàdì bá ń gba ẹnu wáyà méjì, ẹ fa wáyà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti ara power pack. Ẹ má ṣe lo orí méjì tó wà lára wáyà kan ṣoṣo fún káàdì tó ń gba iná púpọ̀.

Ẹ wá fún un ní iṣẹ́ gidi fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bí àwòrán ilé tó wúwo tàbí fídíò gígùn, kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀. Fóòtì 12 kò gbọdọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ 11.4, kò sì gbọdọ̀ kọjá 12.6. Ẹ fi mítà wò ó tàbí kí ẹ wò ó nínú BIOS, ojú ìṣètò tí ẹ lè ṣí nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti BIOS kì í ṣe lábẹ́ iṣẹ́. Bí kọ̀ǹpútà bá kú pátápátá tó sì tún tan fúnra rẹ̀ bí iṣẹ́ ti ń wọ̀ ọ́ lára, power pack ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ pé eré rẹ̀ ló kàn ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ooru ni ó ṣeé ṣe kó jẹ́, ẹ wo fáànù àti eruku ọyẹ́ tó ti dí i. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹnu wáyà káàdì náà: kó lọ́wọ́ọ́rọ́ kò burú, ṣùgbọ́n bó bá ń jó ọwọ́, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ bó ti yẹ, ẹ kọ orúkọ káàdì, àròpọ̀ wáàtì, áńpù ìlà +12V àti ọjọ́ tí ẹ rà á sí bébà kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn àpótí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì so rìsíìtì rẹ̀ mọ́ ìwé ìdánilójú tí ọlọ́jà fún yín, kí ẹni tó bá tún kọ̀ǹpútà náà ṣe lọ́jọ́ iwájú lè mọ ohun tó ṣẹ́ kù kó tó fi nǹkan mìíràn kún un.